Ìbí, Kì í Ṣe Ibi

Ọjọ́ tí Táràsì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé,
yìnyín ti dé orókùn lójú pópó Rijáínà,
bàtà rẹ̀ ń kán omi sórí kápẹ́ẹ̀tì mi tuntun.
Ó ní, "Dókítà, ẹni tí kò sí lórí ayélujára
kò tíì ṣílẹ̀kùn."
Mo wo ilẹ̀kùn mi. Láti oṣù Ọ̀wàrà ni mo ti ṣí i,
aláìsàn mẹ́sàn-án péré ló gbabẹ̀ wọlé.
Ẹnìkẹwàá ń béèrè ọ̀nà ilé ìfọṣọ.

Ó tẹ orúkọ mi. Kọ̀ǹpútà fa ilà pupa sí i nídìí
bíi tíṣà tó bá olódo pàdé.
"Ìbídàpọ̀ gùn jù," ó ní, "ẹ jẹ́ ká gé e kúrú.
Ibi. Dókítà Ibi. Lẹ́tà mẹ́ta, kò ṣòro rántí."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ọmọ yìí, o ò mọ ohun tí o sọ.
Ta ni eyín yóò máa ro láàárọ̀ kùtù
tí yóò gbé e tọ Ibi lọ?
Àmì kékeré lásán ló ya ọmọ bíbí
sọ́tọ̀ kúrò lára àjálù.
Ìdajì wákàtí ló fi wá àmì ohùn ìsàlẹ̀ yẹn,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yọ egungun ẹja lọ́fun ọmọdé.

Lẹ́yìn náà, fọ́tò.
"Ẹ rẹ́rìn-ín." Mo rẹ́rìn-ín.
Ó dákẹ́. Ó tẹ nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́,
nígbà tí yóò fi yí kọ̀ǹpútà sí mi
ó ti dí àlàfo iwájú ẹnu mi pa,
ó rẹ́ ẹ bí ẹni rẹ́ ògiri.
"Ẹ má bínú. Dókítà eyín ni yín.
Àwọn èèyàn yóò máa bi ara wọn léèrè."

Mo wo obìnrin inú fọ́tò. N kò mọ̀ ọ́n.
Èjí tí ìyá mi fi wọlé ọkọ,
tí bàbá àgbà ní Ìlá máa ń wò
tí yóò ní ẹ̀rín mi ní fèrèsé,
Táràsì ti fi sìmẹ́ńtì dí i láàárín ìṣẹ́jú méjì!
Mo ní, "Ṣí i padà."
"Lóòótọ́?"
"Ṣí i. Mo ti dí ihò eyín tó lé ní ẹgbẹ̀rún.
Èyí kì í ṣe ihò."

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnìkan fún wa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo.
Ó ní mo pẹ́, ó ní mo gbówó lérí, ó ní ọwọ́ mi le.
Mo mọ ẹni náà. Mo mọ eyín rẹ̀
ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ:
mo mọ èyí tó fi ń ṣí ìgò,
mo mọ irọ́ tó pa nípa búrọ́ọ̀ṣì.
Ìka mi ń gbọ̀n lórí bọ́tìnnì.
Ṣùgbọ́n àṣírí aláìsàn ni ẹrù tí a kì í sọ̀ lójú ọjà,
kódà bí ẹlẹ́rù bá ń bú alárù.
Mo kọ ọ́ pé: Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá.
Mo paná, mo lọ sílé. N kò sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, fóònù dún.
Obìnrin kan ni, láti Wéíbọ̀n,
ìrìn tó ju wákàtí kan lọ nínú ìjì yìnyín.
Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kì í lanu ya fọ́tò mọ́.
Ojú gólù ni wọ́n ń pè é ní ilé-ìwé.
"Ó rí fọ́tò dókítà yín. Ó ní kí n béèrè
bóyá wọ́n lè wo eyín òun láì dí i."

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
"Orúkọ dókítà yẹn ńkọ́, báwo la ṣe ń pè é?"
N kò sọ pé èmi ni.
Mo fà á fún un díẹ̀díẹ̀,
ìsàlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kó tó gòkè.
Ó gbìyànjú. Ó pè mí ní Ibi.
Ó tún un pè.
Mo ní, "Ẹ ti ń sún mọ́ ọn."